Ọmọ Tó Ń Kí Wa Nínú Dígí

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi ẹnu mi bẹ̀rẹ̀, torí ẹnu yìí ni gbogbo àdúgbò fi mọ̀ mí. Mo lẹ́nu. Ẹni tó bá ti jókòó sórí àga mi rí ní Kétu ò ní jiyàn. Irun ni mò ń ṣe, ṣọ́ọ̀bù mi wà lẹ́yìn títì Ìkòsí, bí mo bá sì ti ṣí ìlẹ̀kùn láàárọ̀ báyìí ni ọ̀rọ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Mò ń fọ irun, mò ń sọ̀rọ̀. Mò ń di irun, mò ń sọ̀rọ̀. Tí kò bá sí kọ́sítọ́mà, màá máa bá rédíò jiyàn. Ọkọ mi máa ń sọ pé tí wọ́n bá so wáyà mọ́ mi lẹ́nu, iná ò ní ṣẹ́jú mọ́ ní gbogbo Kétu. Yẹ̀yẹ́ ló ń fi mí ṣe, ṣùgbọ́n kò parọ́.

Irú èmi yìí ni Ọlọ́run wá gbé ọmọ tí etí rẹ̀ ò gbọ́ nǹkan kan lé lọ́wọ́. Ẹ wo nǹkan! Mo ti sunkún lórí ọ̀rọ̀ yìí títí, mi ò tún fẹ́ sunkún níbí. Ọpẹ́ ni mo fẹ́ dá. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní mọ ìdí ọpẹ́ náà àfi tí mo bá kọ́kọ́ sọ bí ọmọ yẹn ṣe tàn wá jẹ, gbogbo wa pátá, láì mọ̀, pẹ̀lú orúnkún ara rẹ̀.

Òun ni àkọ́bí wa. Látìgbà tó ti lè dá rìn ló ti ń bá mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ibẹ̀ ṣe rí, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Dígí ńlá kan wà lára ògiri tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá jókòó sórí àga, dígí yẹn ló máa kọjú sí, èmi á sì dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ti ìta bọ̀ á ti hàn nínú dígí kó tó gbẹ́sẹ̀ wọlé. Ọmọ mi á jókòó sórí àpótí kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi, á kọ ẹ̀yìn sí ìlẹ̀kùn, á máa fi àjákù àtáṣímẹ́ǹtì dirun fún ọmọlangidi rẹ̀. Kọ́sítọ́mà á wọlé: "Àǹtí Onírun, ẹ kú iṣẹ́ o!" Kí n tó dáhùn, ọmọ á ti yíjú padà, á ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Háà! Ọmọ yìí mà lẹ́kọ̀ọ́ o!"

"Ẹ ò rí i bó ṣe yára ni? Tèmi tó wà nílé, tí mi ò bá tì í lórí, kò lè kí ẹnì kan."

Orí mi á wú. Màá máa ṣe bí ẹni pé mi ò gbọ́, màá sì tún bi wọ́n pé kí ni wọ́n sọ, kí wọ́n lè tún un sọ. Àwọn ìyá tó ń ta ata ní Máìlì 12 á já bisikíìtì fún un, wọ́n á fi ọwọ́ pa á lórí, wọ́n á ṣàdúrà pé Ọlọ́run á bá mi wò ó. Inú mi á dùn títí di ìrọ̀lẹ́.

Ó ti ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́ta, kò sọ ju "bà" àti "mà" lọ. Kò bà mí lẹ́rù púpọ̀. Ìyá ọkọ mi ní Ṣakí sọ fún mi lórí fóònù pé bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, pé ká fi ọmọ lọ́rùn sílẹ̀. Àwọn kọ́sítọ́mà ní èmi ni mi ò jẹ́ kó ráàyè, pé ìgbà wo ni mo dákẹ́ tí ọmọ fẹ́ fi sọ tiẹ̀? A jọ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹnì kan tiẹ̀ rọra bi mí bóyá etí rẹ̀ gbọ́ dáadáa, mo gbaná jẹ. "Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ. Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin ló kúnlẹ̀ kí báyìí?" Obìnrin náà bẹ̀ mí. Ẹni tó bá mọ̀ wá mọ̀ pé, lọ́dọ̀ wa, ọmọ tó bá ti kí àgbà, a kì í tún wádìí nǹkan kan nípa rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí ọdún Kérésì ń bọ̀, mo ní kí ọkọ mi bá mi kun ṣọ́ọ̀bù. Iṣẹ́ táìlì ló ń ṣe. Ó ní òun ò lè kun ògiri kí òun wá fi ilẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, òun á lẹ táìlì sí i. Ó tú dígí kúrò lára ògiri, ó gbé e lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa, ó dojú rẹ̀ kọ ògiri. Mi ò ti ṣọ́ọ̀bù o. Ta ló ń ti ṣọ́ọ̀bù nígbà ọdún? Àwọn tí mò ń ṣe irun fún ń fi dígí ọwọ́ wo ara wọn, wọ́n ń fara dà á.

Kọ́sítọ́mà wọlé, ọmọ mi ò kúnlẹ̀. Mo ní bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́. Ẹlòmíràn wọlé, kò tiẹ̀ wẹ̀yìn. Lọ́jọ́ kejì, ìyá onílé fúnra wọn ló wá. Àgbà obìnrin ni wọ́n, ọmọ onílẹ̀ àdúgbò náà ni wọ́n, wọn kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ìkíni ṣeré rárá. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́ níbí o." Mo dá wọn lóhùn. Ọmọ ò mira. Wọ́n wúkọ́, wọ́n tún kí wa. Ọmọ ń dirun ọmọlangidi rẹ̀ lọ ní tiẹ̀.

"Ṣé wọ́n ti ba tèyí náà jẹ́ ni?" Ìyá onílé wò mí bí ẹni pé èmi ni mo kọ́ ọ.

Ojú tì mí, inú sì bí mi. "Ìwọ! O ò rí Mọ́mì ni? Dìde níbẹ̀ kí o kí wọn!" Mo pariwo débi pé ẹni tó ń ta káàdì fóònù lódìkejì na ọrùn wò wá.

Ẹni tó wà lórí àga mi lọ́jọ́ náà, tíṣà ni. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́léósinmi ní iléèwé kékeré kan, Ìfákọ̀ ló ń gbé, ọ̀dọ̀ mi ló sì ti máa ń wá látìgbà tó ti wà ní wúńdíá. Irun rẹ̀ ti dé ìdajì. Ó ní, "Àǹtí, ẹ dúró ná. Ẹ má pariwo mọ́." Ó dìde bẹ́ẹ̀, irun ń fì lórí rẹ̀ lápá kan. Ó mú ìdérí ìkòkò tí mo fi ń se omi tí a ń ki ìdí irun bọ̀, ó rọra bọ́ sí ẹ̀yìn ọmọ mi, ó sì fi kọ́ọ̀mù irin lù ú gbàà!

Èmi fò sókè. Ìyá onílé ní "Yéè!" Wọ́n di àyà mú. Ọmọ mi ń yarun ọmọlangidi rẹ̀ lọ. Tíṣà tún lù ú. Ọmọ mi wá rí i pé òjìji ẹnì kan wà lórí ilẹ̀ níwájú òun, ó yíjú padà, ó rí gbogbo wa tí a dúró tí à ń wò ó. Kíá ló kúnlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín sí wa.

Ẹ gbà mí o. Ìkúnlẹ̀ yẹn ló pa mí. Mo wo ògiri, mo wo ibi tí dígí ti kúrò, gbogbo rẹ̀ wá yé mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú ló fi ń kí wọn láti ọjọ́ yìí wá. Ó ń rí wọn nínú dígí tí wọ́n ń bọ̀, ó ti rí i pé orúnkún ni àwọn ọmọdé ń fi pàdé àgbà, òun náà sì ń ṣe é. Kò tíì gbọ́ "ẹ kú iṣẹ́" kankan rí láyé rẹ̀. Kò tíì gbọ́ èmi náà, pẹ̀lú gbogbo ariwo mi. Mo jókòó sórí ilẹ̀ tí wọn ò tíì lẹ táìlì sí, mo ké. Ìyá onílé ni wọ́n wá jókòó tì mí, àwọn náà, nínú aṣọ funfun wọn, lórí yanrìn.

Tíṣà dúró kí n sunkún tán. Ó ní ohun tó jẹ́ kí òun fura ni àbúrò òun obìnrin. Etí tiẹ̀ náà ò gbọ́ láti kékeré. Àwọn òbí wọn dúró, wọ́n ń retí kí etí là, ọdún ń gorí ọdún, kò gbọ́ èdè ẹnu, wọn ò sì kọ́ ọ ní èdè ọwọ́. Ó ti tóbi dáadáa kó tó dé iléèwé àwọn adití. "Ó gbọ́n jù mí lọ, Àǹtí, mo búra. Ṣùgbọ́n títí dòní, tó bá fẹ́ sọ ohun tó gùn, ọ̀rọ̀ kì í tò fún un. Èdè ní àsìkò tó ń wọ ọmọ lára. Tí àsìkò yẹn bá kọjá, á ṣì kọ́ ọ, ṣùgbọ́n á máa kọ́ ọ bí ẹni ń ru ẹrù ni. Tiyín ṣì wà nínú àsìkò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró."

Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ yẹn ò lórúkọ. Kì í ṣe ti etí mọ́. Ó dà bí ẹni pé ìlẹ̀kùn kan ń rọra padé lẹ́yìn ọmọ mi, kò sì gbọ́ dídún rẹ̀.

A lọ sí ọsibítù. Wọ́n lẹ wáyà mọ́ ọn lórí, wọ́n wo ẹ̀rọ. Dókítà náà rọra bá wa sọ ọ́: etí méjèèjì ni, nǹkan tí wọ́n ń kì bọ etí ò lè fi bẹ́ẹ̀ ràn án lọ́wọ́. Ó ní èdè tó bá ti lè gba ojú rẹ̀ wọlé, ká fún un, ká sì yára. Bí tíṣà ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn. Mo ti ṣetán kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́la.

Ìyá ọkọ mi ò gbà. "Ẹ má sọ ọmọ mi di odi fún mi o! Tó bá ti mọ́ ọn lára láti máa fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, kí ló tún máa fi ẹnu ṣe? Ẹ jẹ́ ká fi ọdún kan gbàdúrà ná." Ọkọ mi dara pọ̀ mọ́ ìyá rẹ̀. Mùsùlùmí ni òun, ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń lọ, a ò tíì jà lórí àdúrà rí látìgbà tí a ti fẹ́ra. Mò ń gbà á níbí, ó ń gbà á lọ́hùn-ún, Ọlọ́run kan náà ló ń gbọ́. Ṣùgbọ́n lórí ọdún kan yìí, ilé wa gbóná. Mo ní, "Àdúrà ò kọ̀ kí n ṣe iṣẹ́ mi. Ọdún kan! Ṣé o mọ ohun tí ọdún kan jẹ́ lára ọmọ báyìí?" Ó ní mo ti gba ọ̀rọ̀ tíṣà gbọ́ ju ti ìyá òun lọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kí ló kù? A ò bá ara wa sọ̀rọ̀. Ẹ fojú inú wo èmi yìí nínú ilé tí a ò ti sọ̀rọ̀.

Àsìkò yẹn, ó ń bá wọn lẹ táìlì nínú ilé ńlá kan ní apá Ṣàngíṣà. Lọ́jọ́ kan, ó po sìmẹ́ǹtì púpọ̀ sílẹ̀, òun àti ẹni tó ni ilé wá ń jiyàn lórí irú táìlì tí wọ́n máa lẹ̀ sí pálọ̀. Àríyànjiyàn náà pẹ́. Nígbà tí ó fi máa padà sídìí iṣẹ́, sìmẹ́ǹtì ti dì. Ó délé nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú eruku lára, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, kò bọ́ bàtà. Mo gbé omi fún un. Ó ní, "Mo tún bu omi sí i. Mo pò ó, mo pò ó, kò gbà mọ́." Mo rò pé ìbínú iṣẹ́ ni. Ó ń wo ọmọ tó ń ṣeré níwájú wa. Ó ní, "Pe tíṣà yẹn." Mo sáré lọ mú fóònù.

Báyìí ni àbúrò tíṣà àti ọkọ rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti Ọjọ́tà lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn tí mo bá ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì. Adití ni ọkọ náà, adití sì ni àwọn òbí tó bí i, inú èdè ọwọ́ ni wọ́n bí i sí. Ẹ ò ní mọ ohun tí tíṣà ń sọ nípa àsìkò àfi tí ẹ bá rí tọkọtìyàwó yẹn níbi tí wọ́n jókòó sí. Ọwọ́ ọkọ ń ṣàn ni. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń jẹ̀pà, ó ń yọ ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìyàwó á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, á dúró, á wo ìka ara rẹ̀, á tún un bẹ̀rẹ̀. Ọkọ á dúró dè é, kì í kán an lójú rárá, mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wá, obìnrin náà gbé ọmọ mi jókòó sórí ẹsẹ̀, ó fi ọwọ́ sọ nǹkan kan fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó sọ ọ́ tán. Tíṣà túmọ̀ rẹ̀ fún mi. "Ó ní ẹ má jẹ́ kó dà bí òun." Láti ọjọ́ náà, ẹlòmíràn ò tún ṣe irun orí obìnrin yẹn mọ́, tèmi ni, títí ayé.

A fi ọwọ́ kọ́ "omi", a kọ́ "oúnjẹ", a kọ́ "wá", a kọ́ "jókòó". Ìṣòro wá yọjú tí mi ò rò tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ ni mo fi ń jẹun, ọwọ́ kan náà ni mo gbọ́dọ̀ fi bá ọmọ mi sọ̀rọ̀. Ẹnu lè máa sọ̀rọ̀ tí ọwọ́ bá ń dirun, ṣùgbọ́n ọwọ́ ò lè wà nínú irun kó tún wà nínú afẹ́fẹ́. Láti àárọ̀ dalẹ́, ọwọ́ mi wà lórí orí ẹlòmíràn, ọmọ mi jókòó lẹ́sẹ̀ mi, kò sẹ́ni tó ń bá a sọ nǹkan kan. Ọkọ àbúrò tíṣà sì ti sọ fún wa pé ọjọ́ Sunday nìkan ò tó. Ó ní ọmọ gbọ́dọ̀ máa rí ọ̀rọ̀ káàkiri, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń sọ fún un nìkan, títí kan òfófó.

Òfófó kẹ̀? Mo ní ibi tó yẹ kí ó wá gan-an ló wá yìí.

Ọkọ mi ti gbé dígí padà sára ògiri nígbà náà. Mo wo ẹni tó wà lórí àga, mo rí i pé ọwọ́ méjèèjì rẹ̀ wà lásán lórí itan, ojú rẹ̀ sì kọjú sí dígí. Ọmọ mi náà ń wo dígí. Mo ní, "Àǹtí, ẹ dákun, ẹ da ìka yín jọ, ẹ gbé e lọ sẹ́nu. Ẹ ti bi í pé ṣé ó ti jẹun nìyẹn." Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ṣe é. Ọmọ mi mi orí fún un nínú dígí. Obìnrin náà kígbe, "Ó dá mi lóhùn!" Ó fẹ́ dìde, mo fà á ní irun jókòó.

Mo wá sọ ọ́ di òfin. Ẹni tó bá jókòó sórí àga mi, á bá ọmọ mi sọ nǹkan kan kó tó dìde. Ẹnu ni mo fi ń kọ́ wọn, ọwọ́ mi ò kúrò nínú irun. Ẹnì kan ní òun lóyún, òun ò lè máa ṣe bí odi. Mo fi kọ́ọ̀mù nawọ́ sí ìlẹ̀kùn, mo ní ọ̀nà nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn tó kù, Ọlọ́run nìkan ló lè bá mi san án fún wọn. Àwọn aláta Máìlì 12 máa ń wá lẹ́yìn ọjà pẹ̀lú ata lábẹ́ èékánná, ẹ ò lè dá wọn dúró, wọ́n á máa fi ọwọ́ ṣe òfófó ara wọn nínú dígí. Ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì máa ń lọ wò ó lórí fóònù nílé, á wá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tuntun tí èmi gan-an ò mọ̀. Ìyá onílé, tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, kì í ṣe irun kankan, wọ́n á wọlé, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á kọjú sí dígí. "Mo wá kí ọmọ mi." Wọ́n ti kọ́ "ẹ káàárọ̀", wọ́n sì máa ń ṣe é láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́, kò sẹ́ni tó tó bẹ́ẹ̀ láti tún un ṣe fún wọn.

Ọmọ ń wò wọ́n. Kò sọ púpọ̀. Tó bá fẹ́ omi, á fi ìka kan ẹnu. Tó bá fẹ́ búrẹ́dì, á béèrè. Inú mi ń dùn, ṣùgbọ́n ọkọ àbúrò tíṣà ò tíì yọ̀. Ó ní gbogbo ohun tó ń sọ, iwájú rẹ̀ ló wà. Omi tó ń rí, búrẹ́dì tó ń rí. Ó ní ọjọ́ tó bá sọ ohun tí kò sí níwájú rẹ̀, ọjọ́ yẹn la máa mọ̀ pé èdè ti jókòó. Mò ń dúró de ọjọ́ yẹn. Òjò rọ̀, òjò dá, ọmọ pé ọdún mẹ́rin, mò ń dúró. Nígbà míì màá lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù lọ sunkún, màá bọ́jú, màá padà wá máa rojọ́ fún kọ́sítọ́mà nípa gómìnà.

Lẹ́yìn Iléyá ni ìyá ọkọ mi dé láti Ṣakí. Wọ́n gbé ẹran àgbò díndín wá fún wa nínú kúlà kan. Ojú ẹsẹ̀ ni ọmọ mi fún wọn lórúkọ. Wọ́n ní ilà lójú, mẹ́ta mẹ́ta, ọmọ náà sì fi ìka fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Màmá ò fẹ́ ẹ. "Ṣé ilà mi ló fi ń ṣe yẹ̀yẹ́?" Mo ní rárá, Màmá, orúkọ yín ni. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀ láti kọ́ ọ̀rọ̀ ọwọ́ kan. Wọ́n á dojú kọ ọmọ, wọ́n á máa pariwo, bí ẹni pé ohùn tèmi ló kéré láti ọjọ́ yìí. Ọmọ á máa wo ẹnu wọn, á rẹ́rìn-ín, á kúnlẹ̀. Màmá á ní, "Ẹ ò rí i? Ó gbọ́."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tíṣà wà lórí àga. Màmá lọ kírun Àílà ní mọ́sáláṣí àdúgbò wa. Abọ́ ẹran díndín wà lórí tábìlì lẹ́yìn, ti oúnjẹ ọ̀sán ni, mo dé e. Nígbà tí mo yíjú padà láti mú àtáṣímẹ́ǹtì, abọ́ ti ṣí. Ẹran ò kù ju egungun lọ. Ọmọ mi jókòó sórí àpótí rẹ̀ pẹ̀lú ẹnu tó ń dán.

Mo sọ kọ́ọ̀mù sílẹ̀. Mo fi ọwọ́ bi í pé, "Ta ló jẹ ẹran?"

Ó wò mí. Ó wo abọ́. Ó wo ẹnu ọ̀nà tí Màmá ti jáde. Ó wá fi ìka fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sísàlẹ̀, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Ó da ìka jọ, ó gbé e lọ sẹ́nu. Ó fi ìka méjì fún ẹran ara ọwọ́ rẹ̀, ìyẹn ni ẹran. Ìyá àgbà ló jẹ ẹran. Ó rò ó díẹ̀, ó wá na ọwọ́ méjèèjì gbàràgàdà: gbogbo rẹ̀!

Tíṣà kígbe nínú dígí. Ẹni tí kò sí níbẹ̀! Ohun tí kò ṣẹlẹ̀! Ó kó wọn jọ láti inú orí ara rẹ̀, ó tò wọ́n, ó gbé wọn síwájú mi pẹ̀lú ojú tó dúró gbọn-in. "Olúwa, o ṣeun! Ọmọ mi parọ́ o! Ẹ bá mi yọ̀, ọmọ mi parọ́!" Ẹni tó ń ta káàdì sáré wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Tíṣà ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má jẹ́ kó di àṣà o.

Bí Màmá ṣe wọlé nìyẹn, omi àlùwàlá ṣì wà lójú wọn. "Kí ló dé? Kí lẹ fi ń pe orúkọ mi? Mo rí i láti ìta tó ń fa ilà mi." Mo sọ fún wọn.

"Èmi? Èmi tí ehín mi ò gba ẹran díndín mọ́ láti ọdún kẹta? Èmi tí mo rù ú wá?" Wọ́n dojú kọ ọmọ. "Irọ́ ni o! Irọ́ lò ń pa!" Ọmọ wo ẹnu wọn, ó tún un sọ fún wọn, ó fà á dáadáa kó lè yé wọn: ilà, jíjẹ, ẹran. Màmá yíjú sí mi, wọ́n ń mí gúlegúle. Mo rò pé èébú ló kàn. Wọ́n ní, "Báwo lẹ ṣe ń fi ọwọ́ sọ pé irọ́ ni?"

Mo fi hàn wọ́n. Wọ́n na ìka kan, wọ́n fà á kọjá lágbọ̀n wọn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún ọmọ ọmọ wọn nìyẹn, tó sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ojú ọmọ mi là. Ó ní ẹ̀yin ni. Màmá ní irọ́ ni. Ó ní ẹ̀yin ni, gbogbo rẹ̀. Màmá tún ní irọ́ ni, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Èmi tí mo lẹ́nu, ẹ̀yìn àga ni mo dúró sí, tí mò ń wo ọwọ́ wọn.

Màmá wá di ọmọ náà mú léjìká, wọ́n yí i sí dígí, wọ́n fi ìka kan ẹnu rẹ̀ tó ń dán fún òróró. Ọmọ mi wo ara rẹ̀. Ó wo Màmá nínú dígí. Ó wẹ̀yìn, ó kúnlẹ̀ níwájú wọn, bó ṣe máa ń kúnlẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ó di ẹ̀ṣẹ́, ó fi yí àyà rẹ̀ ká, ìyẹn ni ẹ má bínú. Lẹ́yìn náà ló wá fi ìka kan ara rẹ̀ láyà: èmi ni.

Mo ti fẹ́ túmọ̀ rẹ̀. Màmá ti gbé e sókè, ojú wọn ti kún fún omi, wọ́n ní, "Dákẹ́. Mo gbọ́." Ọmọ yẹn ti kúnlẹ̀ fún gbogbo Kétu láti ìgbà tó ti lè dúró, a sì ń yìn ín. Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ mọ ohun tó ń sọ lórí ìkúnlẹ̀.